Ẹ Jẹ́ Ká Mọ̀: Èérún Wúrà àti Ìtànṣán Tó Ń Pa Jẹjẹrẹ

Ǹjẹ́ òótọ́ ni pé wúrà lè mú kí ìtànṣán pa jẹjẹrẹ ju bó ṣe ń pa á tẹ́lẹ̀ lọ?

1. Èérún nano kéré débi pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn lè tò sórí ìbú irun orí kan ṣoṣo. Bí èyí tí wọ́n fi wúrà ṣe bá sì wọnú sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, ó máa ń gba agbára ìtànṣán X ju ẹran ara lọ, á tú ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù jáde, èyí tó ń já okùn DNA, ìyẹn àkọsílẹ̀ tí sẹ́ẹ̀lì gbọ́dọ̀ ní kó tó lè pọ̀ sí i.

2. Láti mọ bí sẹ́ẹ̀lì ṣe dáhùn, àwọn onímọ̀ máa ń tan ìtànṣán sí i nínú àwo, wọ́n á sì ka iye tó ṣì lè bí ìṣùpọ̀ tuntun.

3. Ní 2004, Hainfeld àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gún èérún wúrà sára eku tó ní jẹjẹrẹ, wọ́n sì tan ìtànṣán sí wọn. Lẹ́yìn ọdún kan, ìdá 86 nínú ọgọ́rùn-ún ṣì wà láàyè, nígbà tó jẹ́ ìdá 20 péré lára àwọn tó gba ìtànṣán nìkan. Eku ni wọ́n, kì í ṣe ènìyàn.

4. Ìtànṣán lásán náà jẹ́ ìtọ́jú gidi. Ibùdó ìtọ́jú jẹjẹrẹ Alassane Ouattara tí wọ́n ṣí ní Abidjan ní 2018 ń ṣe é. Kí aláìsàn kankan má ṣe sún un síwájú nítorí wúrà.

Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹbí àti ọ̀rẹ́ tó ń bèèrè.