Báípáàsì àti Stẹ́ǹtì Lára Aláìsàn Kan Ṣoṣo

Ẹni tí òpó ẹ̀jẹ̀ ọkàn rẹ̀ bá dí níbi méjì tàbí mẹ́ta sábà máa ń bọ́ sáàárín dókítà oríṣi méjì. Oníṣẹ́ abẹ fẹ́ ṣe báípáàsì: yóò mú òpó ẹ̀jẹ̀ láti ibòmíràn nínú ara, yóò fi la ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ á gbà yẹ ibi tó dí sílẹ̀. René Favaloro, ọmọ Ajẹntínà, ló sọ ọ́ di ìlúmọ̀ọ́ká láti Cleveland, ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1967. Dókítà kejì kò fẹ́ la àyà rárá. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ ni yóò tì gba ọrùn ọwọ́ dé ọkàn. Bàlúùnù á fẹ ibi tó há, stẹ́ǹtì, ìyẹn àwọ̀n onírin kékeré, á sì dúró síbẹ̀ kó má baà tún há.

Àríyànjiyàn wọn ti pẹ́. Ṣùgbọ́n òpó kan wà lẹ́yìn egungun àyà, lápá òsì, tó jẹ́ pé òun gan-an ni ògidì báípáàsì. Tí wọ́n bá rán an mọ́ òpó ńlá iwájú ọkàn, ó lé ní 90 nínú 100 tó ṣì máa ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ọdún 10. Iṣan ẹsẹ̀ tí wọ́n ń rán mọ́ àwọn òpó yòókù kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀: bí ìdajì wọn ló ń dí tàbí bà jẹ́ láàárín àkókò yẹn. Ṣé ó wá yẹ ká fi ayùn la àyà èèyàn nítorí iṣan ẹsẹ̀?

Ìbéèrè yìí ló bí ìtọ́jú àdàpọ̀, tí Gianni Angelini àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ròyìn nínú The Lancet ní 1996. Oníṣẹ́ abẹ á gba ojú kékeré láàárín egungun ìhà, á rán òpó àyà mọ́ òpó iwájú ọkàn. Àwọn òpó tó kù di ti stẹ́ǹtì.

Ta ni kó kọ́kọ́ ṣe tirẹ̀? Ibẹ̀ ló le. Ẹni tó gba stẹ́ǹtì gbọ́dọ̀ máa lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, oògùn yìí kan náà ló sì ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dà púpọ̀ lábẹ́ ọ̀bẹ. Nítorí náà, iṣẹ́ abẹ ló sábà máa ń ṣíwájú, stẹ́ǹtì á tẹ̀ lé e lẹ́yìn ọjọ́ tàbí ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Dókítà á sì lè wò ó bóyá ojú ìrán náà là. Àfi tí àìsàn bá ti dé gọ́ńgọ́ látara òpó mìíràn: stẹ́ǹtì kò ní lè dúró nígbà náà.

Ìwádìí kan ní Poland lára 200 aláìsàn kò rí ìyàtọ̀ tó ṣe gbòógì láàárín ìtọ́jú àdàpọ̀ àti báípáàsì kíkún nínú iye tó kú lẹ́yìn ọdún 5. Síbẹ̀, àwọn tó ń ṣe àdàpọ̀ yìí kò pọ̀, nítorí ó ń béèrè pé kí ẹ̀ka méjì tó máa ń du aláìsàn mọ́ra wọn lọ́wọ́ jọ jókòó. Ó wúlò jù fún àgbàlagbà tí iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dára, tàbí ẹni tí òpó ńlá tó ti ọkàn jáde ti le gbagidi, tí dídì í mú lè fa rọpárọsẹ̀. Tó bá jẹ́ àwọn òpó yòókù ló ti le jù fún stẹ́ǹtì, báípáàsì kíkún ló kù.