Ọ̀rọ̀ Òkun Kpogan Nínú Gbọ̀ngàn Yunifásítì

Ìyá kan tí ó ń ta ẹja yíyan ní Kpogan, ní ìlà oòrùn Lomé, bi mí ní ìbéèrè kan láìpẹ́ yìí. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Lomé. Ní ọjọ́ Sátidé kan, ọmọ náà tọrọ owó ọkọ̀, ó ní òun fẹ́ lọ gbọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Ìyá béèrè bóyá ìdánwò wà níbẹ̀. Ọmọ ní kò sí. Ó béèrè bóyá wọn yóò fún un ní máàkì. Ọmọ ní rárá.

"Kí wá ni mo ń san owó ọkọ̀ fún?"

Ìbéèrè gidi ni. Ọ̀nà Kpogan sí Yunifásítì kò kúrú, iwájú iná sì ni owó ẹja ti ń wá.

Ọ̀nà etí òkun yìí ti mọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tipẹ́. Ní 1965, Togo àti Dahomey, tí ó di Benin lónìí, jọ dá ilé ẹ̀kọ́ gíga kan sílẹ̀. Lomé ni wọ́n ti ń kọ́ ìmọ̀ èdè àti lítíréṣọ̀, Àjàṣẹ́, èyí tí í ṣe Porto-Novo, ni wọ́n ti ń kọ́ sáyẹ́ǹsì. Ọmọ Togo tí ó bá fẹ́ kọ́ sáyẹ́ǹsì níbẹ̀ ní láti di ẹrù rẹ̀ lọ sí Àjàṣẹ́. Ní 1970 ni Togo dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní Lomé.

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí ọmọ náà ń sọ yàtọ̀ sí ẹ̀kọ́ ojoojúmọ́. Nínú ẹ̀kọ́ ojoojúmọ́, olùkọ́ ń kọ́ ni ní ohun tí ó ti wà nínú ìwé. Nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́, onímọ̀ a dìde, a sọ ohun tí òun fúnra rẹ̀ wá rí, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ a sì máa bi í ní ìbéèrè. Mo ti rí ibi tí ọ̀jọ̀gbọ́n méjì ti jiyàn títí tí ẹni tí ó ni kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn fi wá dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ òkun. Gbogbo ará etí òkun mọ̀ pé omi ń jẹ ilẹ̀: igi àgbọn ń wó, ilé ń dàlẹ̀. Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Lomé, bí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adoté Blim Blivi, ti ṣe ìwádìí lórí rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àlàyé rẹ̀ kò le. Omi òkun wa ń ṣàn láti ìwọ̀ oòrùn lọ sí ìlà oòrùn, ó sì ń gbé yanrìn lọ́wọ́. Yanrìn yìí ni ó ń dí ohun tí ìgbì bá gbé lọ. Ìdídò Akosombo ní Gana, tí wọ́n parí ní 1965, dá púpọ̀ nínú yanrìn odò Volta dúró. Èbúté ńlá Lomé bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1968; ògiri òkúta rẹ̀ wọ inú òkun, yanrìn sì ń kó jọ sí apá ìwọ̀ oòrùn rẹ̀. Baguida, Kpogan, Agbodrafo àti Aného wà ní apá kejì, níbi tí ìgbì ń gbé yanrìn lọ tí kò sí èyí tí yóò rọ́pò rẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ òkun nínú gbọ̀ngàn, ọ̀rọ̀ ẹ̀yìnkùlé ìyá náà ni wọ́n ń sọ.

Àpérò lórí iṣẹ́ náà ńkọ́? Níbẹ̀ ni àwọn tí ó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ti ń wá sọ bí wọ́n ṣe dé ibi tí wọ́n wà. Èmi kò ní fi bò: ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń lọ nítorí ìwé ẹ̀rí wíwá àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá béèrè ọ̀rọ̀ lè rí ibi ìkọ́ṣẹ́. Ètò WACA tí Báńkì Àgbáyé gbé kalẹ̀ ní 2018 láti dáàbò bo etí òkun kan Togo àti Benin. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ ẹni tí ó lè wọn ilẹ̀, ẹni tí ó lè ya àwòrán ilẹ̀, àti ẹni tí ó lè fi èdè abínibí bá àwọn apẹja sọ̀rọ̀. Ọmọ Kpogan ti ní èyí tí ó kẹ́yìn láti ilé.

Mo tún sọ ohun kan tí ó ya ìyá náà lẹ́nu. Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ń gbèjà ìwé ìwádìí rẹ̀ kí ó tó gba oyè ọ̀mọ̀wé, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Àwọn òbí ń wá, àwọn ará àdúgbò pẹ̀lú lè jókòó gbọ́. Èdè Faransé ni wọ́n ń sọ, ìyẹn sì ni odi tí ó ga jù níbẹ̀. Ọmọ ni yóò túmọ̀ rẹ̀ nílé.

Ìyá náà dákẹ́ díẹ̀. Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó sì mú ìwé kíkọ tí ó ń lò ní kíláàsì àwọn àgbà. Lẹ́tà rẹ̀ tóbi, wọ́n sì rìn wọ́rọ́wọ́rọ́ kọjá ìlà: "Yanrìn tí ó wà níbi èbúté, ṣé a kò lè kó o wá fún wa?" Ó ya ewé náà, ó ká a, ó so ó mọ́ owó ọkọ̀, ó sì pe ọmọ rẹ̀.