Kí Gíríìlì Tó Di Dúdú

Ẹ ò lè rìn jìnnà l'Ékòó tàbí n'Íbàdàn lónìí kí ẹ má rí Corolla tàbí Camry tòkunbọ̀ kan tí wọ́n ti sọ iwájú rẹ̀ di dúdú kirikiri. Gíríìlì tó ń dán yinrin nígbà tí mọ́tò náà sọ̀ kalẹ̀ ní èbúté ò dán mọ́. Ẹ bi oníṣẹ́ ọ̀dà ẹ̀bá títì pé báwo ni iṣẹ́ náà ṣe máa pẹ́ tó, á ní, "Ọ̀gá mi, ẹ lọ jẹun, kẹ́ ẹ tó dé á ti gbẹ." Òótọ́ ló sọ, á ti gbẹ. Àmọ́ tí òjò bá pa á fún oṣù díẹ̀, tí àwọn afọmọ́tò sì fi omi alágbára wọn lù ú, ọ̀dà á bẹ̀rẹ̀ sí í bó, dídán àtijọ́ á tún yọjú. Ọ̀dà lè dára o. Ohun tí wọ́n kùn ún lé ni kò gbà á.

Atẹ́gùn ni wọ́n torí ẹ̀ ṣe gíríìlì. Lẹ́yìn rẹ̀ ni kòńdẹ́ńsà AC wà, rédíétọ̀ tẹ̀ lé e, fáànù sì wà lẹ́yìn rédíétọ̀. Tí mọ́tò bá ń sáré lójú ọ̀nà Ìbàdàn, atẹ́gùn tó ń gba gíríìlì wọlé ló ń gbé ooru omi rédíétọ̀ lọ. Inú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ni fáànù ti ń di ọ̀gá. Àwọn kan ń sọ pé àwọ̀ dúdú ń fa oòrùn, pé ó ń mú ẹ́ńjìnnì gbóná. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó lè mú un gbóná ni nẹ́ẹ̀tì oníhò tóótòòtó tí àwọn ọ̀dọ́ máa ń so mọ́ ẹ̀yìn gíríìlì nígbà tí wọ́n bá ti tú u tán, torí kò jẹ́ kí atẹ́gùn ráyè tó.

Yàtọ̀ sí iṣẹ́ yẹn, gíríìlì tún ti di ojú tí a fi ń dá mọ́tò mọ̀. Ihò méjì tó wà níwájú BMW ti wà níbẹ̀ láti orí BMW 303 ọdún 1933. Jeep ní ihò méje tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọ̀ gíríìlì nìkan fi lè sọ mọ́tò di òmíràn lójú ẹni tó mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀.

Ẹ yí gíríìlì náà padà, kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ máa rí lẹ́tà kéékèèké tí wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀: ABS, tàbí PC/ABS, tàbí PP. Orúkọ ike tí wọ́n fi ṣe é nìyẹn, torí irin kọ́ ni nǹkan tó ń dán níwájú Corolla. Ike ni, irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi bò ó lójú.

ABS ni wọ́n sábà máa ń lò fún gíríìlì tí wọ́n fi kúróòmù, irin dídán yẹn, bò, ó sì nídìí. Ohun mẹ́ta ni wọ́n pò pọ̀ di ABS, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ rọ́bà tó fọ́n káàkiri inú ike náà ní ẹyọ kéékèèké. Nílé iṣẹ́, wọ́n á kọ́kọ́ ri ike náà sínú ásíìdì líle. Ásíìdì á jẹ àwọn ẹyọ rọ́bà tó wà lójú rẹ̀, á fi ihò sílẹ̀ níbẹ̀, ihò tí ojú lásán ò lè rí. Inú ihò wọ̀nyí ni irin ń gbà di ike mú, bí gbòǹgbò igi ṣe ń wọ pàlàpálá àpáta. Ike kì í gbé iná mànàmáná, nítorí náà kẹ́míkà nìkan ni wọ́n á fi tẹ́ irin àkọ́kọ́ lé e. Ìgbà tí irin bá ti délẹ̀ ni wọ́n tó lè fi iná kó bàbà lé e, kí níkẹ́ẹ̀lì tẹ̀ lé bàbà, kí kúróòmù wá kẹ́yìn. Kúróòmù tí gbogbo ayé ń wò yìí ló sì fẹ́lẹ́ jù nínú wọn: kì í sábà nípọn tó ìdá kan nínú 1,000 mìlímítà.

Kúróòmù le, ojú rẹ̀ sì ń yọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀dà kì í rí ibì kankan dì mú lára rẹ̀. Ẹ fọ́n ọ̀dà lé e báyẹn, ó kàn jókòó lé e lórí ni. Òkúta wẹ́wẹ́ tí táyà tírélà ta á lù ú lójú kan, omi á gba ibẹ̀ wọ abẹ́ rẹ̀, bíbó ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ti PP tún le ju èyí lọ. Ó máa ń ṣe bí ẹni pé wọ́n fi ìda pa á lára, ó fẹ́ oògùn kan tí àwọn tó ń ta ọ̀dà ń pè ní adhesion promoter kí páráímà, ọ̀dà ìpìlẹ̀, tó lè mú un.

Nítorí náà, èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí ni ojú kò ní rí nígbà tó bá parí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tú gíríìlì kúrò. Ẹni tó bá ní òun máa fi pépà bo etí rẹ̀ kí òun kùn ún lára mọ́tò, rédíétọ̀ yín ló fẹ́ bá yín kùn. Kílíìpù mọ́tò tó ti pẹ́ nínú oòrùn máa ń ṣẹ́ bí ẹ bá ṣe fọwọ́ kàn án, ẹ ra díẹ̀ sílẹ̀ ní ọjà Ládìípọ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi ọṣẹ fọ gíríìlì náà dáadáa, pàápàá bí àwọn afọmọ́tò bá ti ń fi epo tí wọ́n fi ń mú táyà dán kan iwájú mọ́tò. Ọ̀dà máa ń sá fún epo yẹn, á fi ihò róbótó róbótó sílẹ̀.

Sáńpépà ló kàn, pẹ̀lú omi: nọ́ńbà 320 tàbí 400 lákọ̀ọ́kọ́, kí 600 tẹ̀ lé e. Kò pọn dandan kí kúróòmù tán pátápátá. Ohun tí à ń wá ni kí gbogbo ojú rẹ̀ ṣú, títí kan kọ̀rọ̀ àárín ọ̀pá tí ìka nìkan lè dé. Ibi tó bá ṣì ń dán ni yóò kọ́kọ́ bó. Bí kúróòmù náà bá ti wú tàbí tó ti gbéra, ẹ bó o kúrò títí ẹ ó fi kan ibi tó ṣì dì mọ́ ike, ẹ sì ṣọ́ ọwọ́ yín, etí rẹ̀ mú bí abẹ.

Páráímà epoxy tàbí èyí tó ń jẹ irin díẹ̀ kó lè dì í mú ló yẹ kúróòmù. Ọ̀dà dúdú á wá tẹ̀ lé e, ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, lẹ́ẹ̀mejì sí mẹ́ta. Àsìkò ọyẹ́, eruku á bà lé e. Bí òjò bá ṣú, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ lè sọ dúdú yín di funfun ràkọ̀ràkọ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi iná gbígbóná gbẹ ẹ, torí ABS á ti máa rọ̀ bí ooru bá ń sún mọ́ 100°C. Èyí náà ló jẹ́ kí powder coating, ọ̀dà oníyẹ̀fun tí wọ́n ń yan ní nǹkan bí 180 sí 200°C, jẹ́ ti irin nìkan. Kílíà, ọ̀dà aláìláwọ̀ tí wọ́n fi ń kẹ́yìn, tó ní hàádínà tó ń mú un le, ló ń dènà òkúta àti epo jù, àmọ́ èròjà isocyanate inú hàádínà yẹn ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ó lè di asthma sí oníṣẹ́ lára. Aṣọ tí wọ́n so mọ́ imú ò lè dá a dúró.

Ẹni tó bá fẹ́ ta mọ́tò rẹ̀ láìpẹ́ lè lo Plasti Dip, rọ́bà olómi tí wọ́n ń fọ́n, tó ṣe é bó kúrò nígbà tó bá wù yín. Ó gbọ́dọ̀ nípọn o, èyí tó bá fẹ́lẹ́ á máa já wẹ́wẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń bó o. Sítíkà náà wà, ṣùgbọ́n oòrùn wa kì í pẹ́ ká a ní kọ̀rọ̀ ọ̀pá tín-ín-rín. Ara bọ́nẹ́ẹ̀tì ni mo fọwọ́ sí i. Ti àwọn tí kò fẹ́ yan àwọ̀ kan ni mọ́tò iX Flow tí BMW gbé jáde ní Las Vegas ní oṣù kìíní ọdún 2022: nǹkan bíi ti ojú ẹ̀rọ ìkàwé Kindle ni wọ́n fi bo mọ́tò náà, iná mànàmáná a sì máa gbé èyí tó dúdú tàbí èyí tó funfun wá sójú. Wọn kò tíì tà á fún ẹnikẹ́ni.

Àwọn mọ́tò tuntun díẹ̀ tí ń wọlé báyìí ní wàhálà mìíràn. Corolla tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà láti ọdún 2017 ní radar lẹ́yìn àmì Toyota tó wà lójú gíríìlì. Òun ló ń wọn bí mọ́tò iwájú ṣe jìnnà tó, kí mọ́tò yín lè fúnra rẹ̀ tẹ bíréèkì. Àmì náà ṣe pẹlẹbẹ, ó dán bíi díńgí, kò sì ní ihò. Ọ̀dà tó ní ẹ̀rún irin tó ń tàn yanran nínú lè dá ìgbì radar padà, ọ̀dà lásán tó bá nípọn náà lè dà á rú. Iná ìkìlọ̀ á tàn ní dáṣíbọ́ọ̀dù, tàbí kí bíréèkì tí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé má tẹ ara rẹ̀ lásìkò. Kí wọ́n yọ àmì náà kúrò kí wọ́n tó fọwọ́ kan sáńpépà, kí wọ́n gbé e sí ibi tí ọ̀dà kò ní dé, kí wọ́n sì dá a padà bó ṣe wà láì fi nǹkan kan lé e.