Wọ́n fọ́máàtì kọ̀ǹpútà ìyá oníbísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà l'Ágége, ni ìṣirò owó alájẹṣẹ́kù bá dàwátì!

Àfi bí eré lọ́rọ̀ ọ̀hún bẹ̀rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ìyá kan tó ń tẹ̀wé, tó tún ń ṣe fọ́tòkọ́pì ládùúgbò Agége, nílùú Èkó. Kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ kan ṣoṣo tí màmá yìí fi ń jẹun ló ń gbé ìkìlọ̀ jáde fún un pé àsìkò Windows 10 tó wà nínú òun ti tán. Màmá ò ka ọ̀rọ̀ náà sí. Ó ní ṣebí kọ̀ǹpútà ṣì ń tàn, ṣebí ó ṣì ń tẹ̀wé, kí ló wá kan òun nípa pé àwọn òyìnbó ní àsìkò ẹ̀ ti tán? Ó pa ìkìlọ̀ náà dé, ó ń bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ.

Nígbà tó yá ni kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́lẹ̀ bí ìgbín. Bí màmá bá tàn án láàárọ̀, ó lè ra ẹ̀kọ, kó jẹ ẹ́ tán, kó sì fọwọ́ kó tó ṣí. Ni wọ́n bá júwe ọmọkùnrin ẹnjiníà kan fún un. Ọmọ náà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká fọ́máàtì ẹ̀, ká fi Windows mìíràn sí i. Ẹ̀yin náà á rí i bó ṣe máa sáré." Ó bi màmá bóyá nǹkan pàtàkì wà lórí ẹ̀. Màmá fèsì pé inú D lòun ń kó iṣẹ́ òun sí. Ọmọ náà ní kò séwu, C nìkan lòun máa nù.

Kó tó di aago méjì ọ̀sán, kọ̀ǹpútà ti ń sáré. Inú màmá dùn, ó sanwó, ó sì tún ra mọ́ọ̀tì tútù fún ẹnjiníà. Ìrọ̀lẹ́ ni ọ̀rọ̀ dariwo, nígbà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àdúgbò wá gba ìwé ìṣirò oṣù. Màmá ló ń bá wọn tẹ̀ ẹ́ láti ọdún mẹ́fà. Ó wo inú D, kò rí i. Ó wo ojú Desktop, ó ṣófo. Àṣé ojú Desktop ló tọ́jú fáìlì náà sí ní gbogbo ọjọ́ yìí, bẹ́ẹ̀ Desktop tí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ojú kọ̀ǹpútà lásán ni, inú C gan-an ló ń gbé. Bí wọ́n ṣe nu C, bẹ́ẹ̀ ni àkọsílẹ̀ owó àwọn èèyàn tó lé ní ogójì bá a lọ.

"Mo gbé! Owó olówó rèé o!" Igbe tí màmá fi bọ ẹnu nìyẹn, tí àwọn alátẹ iwájú ṣọ́ọ̀bù fi sáré wọlé pé ta ló kú.

Èyí tó tún wá burú níbẹ̀ ni pé Windows 10 náà ni ọmọ ọ̀hún tún fi sí i padà. Ìyẹn ni pé wọ́n kun ilé, wọ́n gbálẹ̀, wọ́n da ẹrù onílé nù, síbẹ̀ kọ́kọ́rọ́ ẹnu ọ̀nà tó ti bà jẹ́ kò kúrò níbi tó wà.

Ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ yìí gan-an ló yẹ kó yé gbogbo ẹni tó ń lo kọ̀ǹpútà. Irin lásán ni kọ̀ǹpútà fúnra ẹ̀. Windows ló dà bí alámòójútó ilé tó ń ṣílẹ̀kùn fún àlejò, tó ń pàṣẹ fún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, tó sì mọ yàrá tí ẹrù kálukú wà. Gbogbo ìgbà làwọn ọ̀bàyéjẹ́ ń wá ihò tí wọ́n lè gbà wọlé, bẹ́ẹ̀ náà ni Microsoft, iléeṣẹ́ tó ni Windows, ń fi àtúnṣe ránṣẹ́ láti dí ihò wọ̀nyí. Ọjọ́ tí wọ́n bá sọ pé àsìkò Windows kan ti tán, kọ̀ǹpútà ò ní kú o. Ohun tó dópin ni àtúnṣe ọ̀fẹ́ yẹn. Ihò tí wọ́n bá rí lẹ́yìn náà, ṣíṣí ló máa wà.

Windows XP tí gbogbo ayé fẹ́ràn jáde lọ́dún 2001, àsìkò ẹ̀ sì tán lọ́jọ́ 8, oṣù Kẹrin, ọdún 2014. Ti Windows 7 tán lọ́jọ́ 14, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 2020. Windows 10 tó jáde lọ́dún 2015, ọjọ́ 14, oṣù Kẹwàá, ọdún 2025 ni tiẹ̀. Àwọn tó bá forúkọ sílẹ̀ nìkan ni Microsoft fún láàyè ọdún kan sí i, títí di ọjọ́ 13, oṣù Kẹwàá, ọdún 2026.

Ẹni tó bá ń sọ pé kí làwọn ọ̀bàyéjẹ́ fẹ́ fi kọ̀ǹpútà òun ṣe, kó rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, ọjọ́ 12, oṣù Karùn-ún, ọdún 2017. Lọ́jọ́ náà ni fáírọ́ọ̀sì kan tí wọ́n ń pè ní WannaCry bẹ́ sáyé. Bó bá ti wọ kọ̀ǹpútà kan, á ti gbogbo fáìlì inú ẹ̀ pa, á wá ní kí oníkọ̀ǹpútà san 300 dọ́là kóun tó ṣí i. Kò dúró kí ẹnikẹ́ni tẹ ohunkóhun, fúnra ẹ̀ ló ń ti ara kọ̀ǹpútà kan bọ́ sí ìkejì. Ó ju 150 orílẹ̀-èdè lọ tó fọwọ́ bà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn iléewòsàn ìjọba, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ti ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti dókítà, wọnú wàhálà gidi. Wọ́n ń dá aláìsàn padà sílé, bébà àti bírò lásán ni wọ́n padà sí. Wọ́n ṣírò ẹ̀ pé ìpàdé aláìsàn pẹ̀lú dókítà tó lé ní 19,000 ló fagi lé.

Ẹ wá gbọ́ ibi tó dunni sí. Láti oṣù Kẹta ọdún náà ni Microsoft ti gbé àtúnṣe tó máa dí ihò yẹn jáde, nǹkan bí oṣù méjì kí ìjàǹbá tó dé. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tó kó o níléewòsàn wọ̀nyẹn, Windows 7 ló wà nínú wọn, àsìkò ẹ̀ ò sì tíì tán nígbà náà. Àwọn tó ni wọ́n ni kò gba àtúnṣe. Bí ẹni tí oògùn wà fún ò bá lò ó, tó rí báyìí, kí ni ká sọ nípa ẹni tí wọn kì í fún loògùn mọ́?

Àwọn kan á ní ó ti yé wọn, kí ẹnjiníà ṣáà fi Windows 11 sí i. Ibẹ̀ ni gbọ́nmi-si-omi-ò-to wà. Kì í ṣe gbogbo kọ̀ǹpútà ni Windows 11 máa ń gbà láti wọ̀. Ó kéré tán, ó ń fẹ́ 4GB RAM, ààyè 64GB, àti ẹ̀yà kékeré kan tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0, èyí tó ń tọ́jú àwọn kọ́kọ́rọ́ àṣírí. Tó bá sì jẹ́ Intel ni ọpọlọ ẹ̀, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ìran kẹjọ sókè, kò ju ìwọ̀nba díẹ̀ lọ lára èyí tó ṣáájú ẹ̀ tí wọ́n gbà. Bẹ́ẹ̀, kọ̀ǹpútà tó dàgbà ju ìyẹn lọ pọ̀ lọ́wọ́ àwọn èèyàn wa tó ń ra tòkunbọ̀ ní Computer Village, n'Ìkẹjà. Kí ẹni tó fẹ́ ra òmíràn béèrè ìran ọpọlọ ẹ̀ kó tó na owó, kó má wo dídán ara ẹ̀ nìkan.

Fún kọ̀ǹpútà tí Windows 11 ò gbà, ọ̀nà mìíràn wà tí kò ná owó Windows rárá: Linux. Ọmọ ilẹ̀ Finland kan, Linus Torvalds, ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ lọ́dún 1991 nígbà tó ṣì wà nílé ẹ̀kọ́. Oríṣiríṣi ló ti wà báyìí. Mark Shuttleworth, ọmọ South Africa, ló gbé Ubuntu jáde lọ́dún 2004, Linux Mint sì wà tí ojú ẹ̀ kò jìnnà sí ti Windows. Èèyàn lè gbé e sórí fíláàṣì, kó fi tan kọ̀ǹpútà, kó tọ́ ọ wò bóyá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti íntánẹ́ẹ̀tì ń ṣiṣẹ́, láìfọwọ́ kan ohunkóhun tó wà nínú kọ̀ǹpútà. Tó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ìgbà yẹn ló tó máa fi í sí i. LibreOffice inú ẹ̀ ń ṣí ìwé tí wọ́n fi Word tẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlà lè yẹ̀ díẹ̀ nígbà míì. Àmọ́ ká má tan ara wa, CorelDRAW táwọn tó ń ṣe pósítà ń lò, wọn ò ṣe é fún Linux mọ́.

Èyíkéyìí téèyàn bá mú, ohun kan náà ló gbọ́dọ̀ ṣáájú: kó ẹrù jáde kó o tó wólé. Ẹ wo Desktop, Documents, Downloads àti Pictures, inú C ni gbogbo wọn máa ń wà. Ẹ kó wọn sórí ohun tó yàtọ̀ sí kọ̀ǹpútà náà, kẹ́ ẹ sì ṣí díẹ̀ nínú wọn níbẹ̀ láti rí i pé wọ́n ṣí lóòótọ́. Ẹ kọ àwọn password sílẹ̀. Bó bá jẹ́ láptọ́ọ̀pù ni, ẹ jẹ́ kí bátìrì kún, nítorí bí wọ́n bá mú iná lọ láàárín iṣẹ́, wàhálà dé nìyẹn.

Ọgbọ́n kan tún wà tí agbára owó bá gbé e. Ẹ ra SSD, kẹ́ ẹ ní kí ẹnjiníà fi Windows tàbí Linux tuntun sórí ẹ̀, kẹ́ ẹ yọ hard disk àtijọ́, kẹ́ ẹ tọ́jú ẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀. Kọ̀ǹpútà á sáré, torí hard disk àtijọ́ yẹn ló sábà máa ń fà á sẹ́yìn, ẹrù yín ò sì ní sọnù. Ẹ sì sá fún ẹnjiníà tó bá ní òun máa fi "activator" ṣí Windows fún yín. Inú irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni fáírọ́ọ̀sì máa ń sá pamọ́ sí, ìyẹn ni pé ẹ sanwó fún olè kó wá bá yín sùn nílé.

Ní ti màmá Agége, wọ́n gbé kọ̀ǹpútà lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń wá fáìlì tó sọnù. Fọ́tò díẹ̀ ni wọ́n rí yọ, ìwé ìṣirò ò ṣe é ṣí, nítorí Windows tuntun ti jókòó lé e lórí. Káàdì tí wọ́n fi ń gbowó lọ́wọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ló yọ wọ́n. Odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni màmá àti akọ̀wé fi jókòó tì í, tí wọ́n ń gba káàdì lọ́wọ́ kálukú, tí wọ́n ń tún un tẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni méjì ni káàdì tiwọn ti sọnù, ìjà wọn ò sì tíì parí bọ̀rọ̀.

Nígbà tó yá, màmá forúkọ sílẹ̀ fún àfikún ọdún kan tí Microsoft fi sílẹ̀, torí pósítà òkú àti ìgbéyàwó ló ń mówó wọlé fún un jù, CorelDRAW ló sì fi ń ṣe é. Ó tún dá àjọ láti fi ra kọ̀ǹpútà tó lè gba Windows 11. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, kó tó tilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó ń kó iṣẹ́ ọjọ́ náà sórí fíláàṣì, ó sì ń so ó mọ́ kọ́kọ́rọ́ ilé ẹ̀. Bí ẹnjiníà bá dé lọ́jọ́ mìíràn tó bi í pé ṣé nǹkan pàtàkì wà lórí ẹ̀, ó ti mọ èsì tó máa fọ̀: "Gbogbo ẹ̀ ni pàtàkì. Jókòó ná, jẹ́ n kó o."