Nọ́ńbà Ara Páálí Kọ́ Ló Ń Kọrin

Ẹ gbé páálí rédíò ọkọ̀ èyíkéyìí wò lórí àtẹ ní ọjà Alaba, ì báà jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ tó lórúkọ, ì báà jẹ́ èyí tẹ́nìkan ò mọ baba rẹ̀, ẹ ó rí i tí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára rẹ̀ pé 50W x 4. Ohun tí oníbàárà ń kà síbẹ̀ ni pé sípíkà mẹ́rin ni rédíò náà máa gbé, wọ́ọ̀tì 50 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, igba lápapọ̀. Tó bá wá rí òmíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí wọ́n kọ 60W x 4 sí, á fi owó lé owó nítorí wọ́ọ̀tì mẹ́wàá náà. Ọkọ̀ tòkunbọ̀ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, rédíò inú rẹ̀ ò ní Bluetooth, sípíkà ti ya, owó tó kù lọ́wọ́ ò sì tó nǹkan. Ó fẹ́ kí ìwọ̀nba náà ṣiṣẹ́. Èrò tèmi ni pé ibi tójú ò tó ló yẹ kí irú owó bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ lọ: sípíkà méjì tó dáa níwájú, inú ilẹ̀kùn tí wọ́n máa jókòó sí, àti ìsopọ̀ wáyà. Ańpìlífáyà àti wúfà tó ń mi gíláàsì lè dúró de ọjọ́ mìíràn. Ní ti nọ́ńbà ara páálí, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni san kọ́bọ̀ kan nítorí rẹ̀, torí ìṣirò kékeré kan ti tó láti tú àṣírí rẹ̀.

Bátìrì ọkọ̀, fóòtì 12 ni. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́ tí alternator sì ń fún un níná, ó máa ń gòkè dé nǹkan bí 14.4. Kò sí iná mìíràn tí rédíò rí lò. Sípíkà ọkọ̀ tó wọ́pọ̀ sì jẹ́ ohm 4. Ẹ sọ 14.4 di ìlọ́po 14.4, ó di 207. Ẹ pín in sọ́nà mẹ́rin, ó di nǹkan bí 52. Ẹ ò rí ibi tí 50 ti wá. Àmọ́ kí iná tó lè dúró lórí 14.4 gbáko láì sọ̀ kalẹ̀, àfi kí rédíò ti kọjá agbára rẹ̀, kí orí ìró ti gé pẹrẹsẹ, kí ìlù máa dún bí ẹni ń ya páálí. Orin tó mọ́ máa ń lọ sókè-sódò bí ìgbì omi ni, ìdajì 52 ló sì lè rí, ìyẹn 26. Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ á tún jẹ díẹ̀ níbẹ̀. Ohun tó bá wá dé ọ̀dọ̀ sípíkà kì í sábà ju wọ́ọ̀tì 15 sí 22 lọ. Èyí tó kọ 60 ńkọ́? Àfi tó bá ní ohun tó ń gbé fóòtì ga nínú rẹ̀, iná kan náà lòun náà ń mu. Lọ́dún 2003, àwọn oníṣòwò ẹ̀rọ ní Amẹ́ríkà fẹnu kò lórí òṣùwọ̀n kan tí wọ́n pè ní CEA-2006, pé fóòtì 14.4 àti ohm 4 ni kí ilé-iṣẹ́ fi máa wọn ańpìlífáyà ọkọ̀, kí ìbàjẹ́ ohùn má sì ju ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Tí páálí bá ní àkọlé yẹn, tàbí tó kọ RMS (agbára tó lè máa gbé láìsinmi) sí kọ̀rọ̀ kan níbi tí lẹ́tà ti kéré, nọ́ńbà kékeré yẹn ni kí ẹ gbà gbọ́.

Ẹ jẹ́ ká tiẹ̀ gbà pé rédíò kan wà tí agbára rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì ti èkejì lóòótọ́. Dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì mẹ́ta péré ni ìyàtọ̀ tó máa wà láàárín wọn, kò ju kéèyàn yí bọ́tìnnì ohùn díẹ̀ lọ. Kí orin tó lè dún ní ìlọ́po méjì létí èèyàn, agbára gbọ́dọ̀ di nǹkan bí ìlọ́po mẹ́wàá. Wàyí o, ẹ yí páálí sípíkà sẹ́yìn, ẹ ó rí nọ́ńbà kan tí àwọn oníbàárà kì í béèrè, bíi 87 dB tàbí 90 dB. Sensitivity ni wọ́n ń pè é. Òun ló ń sọ bí sípíkà ṣe máa dún tó bí wọ́n bá fún un ní wọ́ọ̀tì kan, téèyàn sì dúró ní mítà kan sí i. Sípíkà 90 máa fi wọ́ọ̀tì 20 dún bíi ti sípíkà 87 tó ń jẹ 40. Ohun tí ẹlòmíràn torí rẹ̀ lọ ra ańpìlífáyà wà lẹ́yìn páálí sípíkà, tí kò kà á. Ní ti sípíkà tó bá ọkọ̀ tòkunbọ̀ dé, ó lè ti lo ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú oòrùn àti òtútù. Ẹ fi ìka tẹ etí rẹ̀ wò, níbi tí rọ́bà tàbí fóòmù ti so àárín rẹ̀ mọ́ irin: bó bá ti ń rún bí àkàrà àná, kò sí rédíò tó lè tún un ṣe.

Inú ilẹ̀kùn lọ̀rọ̀ pọ̀ sí jù. Bí ẹ bá gbé sípíkà tuntun dání, tí ẹ so ó mọ́ rédíò láì tíì fi í sínú ohunkóhun, ohùn rẹ̀ á tín-ín-rín, ẹ ó sì rò pé wọ́n ti tà yín ní gbàrọ́gùdù. Kì í ṣe ẹ̀bi sípíkà. Nígbà tí iwájú rẹ̀ bá ń ti afẹ́fẹ́, ẹ̀yìn rẹ̀ ń fà á. Afẹ́fẹ́ iwájú á sáré gba ẹ̀gbẹ́ lọ bá ti ẹ̀yìn, wọ́n á pa ara wọn rẹ́, ìró ìlù tó nípọn á sì pòórá. Iṣẹ́ ilẹ̀kùn ni kó dúró láàárín àwọn méjèèjì. Ẹ wá bọ́ ike inú ilẹ̀kùn kúrò kí ẹ wo irú adúróláàárín tí ẹ ní: ihò gbàgàdà, nylon kan tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù dúdú lẹ̀ mọ́ ọn, àti páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń gbọ̀n bí orin bá ti ń lọ. Ẹ fi ẹ̀yìn ìka kan páànù yẹn láti ìta. Bó bá dún bí agolo, bí agolo náà ni orin máa dún. Oríṣi rọ́bà kan wà tí wọ́n ń pè ní butyl, tó nípọn, tó wúwo, tí wọ́n fi bébà alumíníọ̀mù bò lẹ́yìn. Ẹ gé e, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ páànù tó wà lẹ́yìn sípíkà gan-an, kí ẹ tún kan páànù náà. Ìró agolo á ti di ìró pákó. Kò dìgbà tí ẹ bá bo gbogbo ilẹ̀kùn. Ibi tó ń gbọ̀n jù ti tó. Ẹ fi fóòmù yí etí sípíkà ká kí afẹ́fẹ́ má ráyè gba ibẹ̀ sá. Àwọn kan á ní téépù ọ̀dà tí wọ́n fi ń dí òrùlé kò wọ́n tó butyl, ṣebí dúdú náà ni. Òótọ́ ni pé kò wọ́n. Ṣùgbọ́n nínú oòrùn tiwa, ọkọ̀ tí wọ́n gbé kalẹ̀ láti àárọ̀ di ọ̀sán á mú kí ọ̀dà yẹn rọ̀, á máa rùn, ó sì lè ṣí já bọ́ sórí irin tó ń gbé gíláàsì. Ẹ má sì ya nylon yẹn dànù. Omi òjò máa ń gba ẹ̀gbẹ́ gíláàsì wọ inú ilẹ̀kùn, á gba àwọn ihò kéékèèké ìsàlẹ̀ jáde. Nylon ni kì í jẹ́ kó yà sọ́dọ̀ yín.

Mo mọ ohun tí ẹlòmíràn ń rò báyìí: fújì láìsí wúfà, ṣé fújì nìyẹn? Ìbéèrè gidi ni, torí kò sẹ́ni tó ń ṣe rédíò ọkọ̀ nítorí ìròyìn nìkan. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká wo ohun tí wúfà ń gbé. Ìró tó wà ní ìsàlẹ̀ nǹkan bí 80 Hz ni wọ́n sábà máa ń yà sọ́tọ̀ fún un, níbi tí gìtá olóhùn ìsàlẹ̀ àti ìlù ẹlẹ́sẹ̀ ti ń kù gìrìgìrì. Ọ̀rọ̀ tí ìyáàlù ń sọ, orúkọ tó ń pè, oríkì tó ń kì, òkè ibẹ̀ ló pọ̀ sí. Òkè ibẹ̀ náà ni ohùn olórin wà, àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, àti agogo. Sípíkà ilẹ̀kùn ló ń gbé gbogbo wọn. Ẹni tó bá ra wúfà sẹ́yìn, tó wá fi sípíkà yíya sílẹ̀ níwájú, ará àdúgbò á máa gbọ́ gbì-gbì, òun tó wà nínú ọkọ̀ ò sì ní gbọ́ ohun tí ìlù ń wí. Wúfà ní àyè tirẹ̀. Èyí tó pẹlẹbẹ tó ń gba abẹ́ àga dáa fún ọkọ̀ kékeré. Ohun tí mo ń sọ ni pé lẹ́yìn ilẹ̀kùn ló kàn, kì í ṣe ṣáájú rẹ̀. (Etí náà ní òṣùwọ̀n o. Àwọn onímọ̀ ìlera fi wákàtí mẹ́jọ sí 85 dB, wọ́n sì ń gé àkókò náà sí méjì fún gbogbo mẹ́ta tó bá lé. Tó bá fi máa di 100 dB, ìṣẹ́jú 15 ló kù. Ìgbà mélòó ni súnkẹrẹ-fàkẹrẹ orí afárá Third Mainland kì í ju ìṣẹ́jú 15 lọ?)

Àtakò kejì le ju ìyẹn lọ: ṣé rewáyà ò sí nígboro ni, tí ẹni tí kò mọ wáyà fi máa lọ tú dáṣíbọ́ọ̀dù? Rewáyà wà, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì mọṣẹ́. Àmọ́ iṣẹ́ tó ń sáré ni tiwọn, ọkọ̀ mẹ́ta mìíràn ń dúró. Ohun tó máa ń tètè ṣẹlẹ̀ ni kí wọ́n gé sọ́kẹ́ẹ̀tì tí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀, bíi Toyota, ṣe mọ́ ọkọ̀ kúrò, kí wọ́n fi eyín bó wáyà, kí wọ́n lọ́ ọ pọ̀, kí wọ́n fi téépù dúdú wé e. Ooru ẹ̀yìn dáṣíbọ́ọ̀dù á yọ́ gọ́ọ̀mù téépù náà, wáyà á kan wáyà. Ìdáhùn rẹ̀ kò wọ́n: wọ́n ń ta sọ́kẹ́ẹ̀tì kan tí orí rẹ̀ kan ń wọ inú ti Toyota wẹ́kú, tí ìdí rẹ̀ kejì sì jẹ́ wáyà lásán. Èyí túmọ̀ sí pé orí tábìlì pálọ̀ ni ẹ ti lè so wáyà rédíò mọ́ wáyà sọ́kẹ́ẹ̀tì, pẹ̀lú iná tó mọ́lẹ̀, láìsí bátìrì nítòsí. Àwọ̀ wọn bára mu nínú ọ̀pọ̀ rédíò tí wọ́n ń tà lọ́jà. Yẹ́lò ló ń gba iná nígbà gbogbo, òun ló ń rántí aago àti ilé-iṣẹ́ rédíò tí ẹ yàn. Pupa ń gba iná bí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́. Dúdú ń lọ sí ara irin ọkọ̀. Bí ẹ bá gbé yẹ́lò sípò pupa, rédíò á máa gbàgbé ohun gbogbo ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá pa ọkọ̀. Bí ẹ bá so àwọn méjèèjì mọ́ iná tí kì í kú, bátìrì ló máa sùn. Funfun, eérú, ewé àti àlùkò ni ti sípíkà, èyí tó bá ní ìlà dúdú lára ni ti nẹ́gétíìfù, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó gbọ́dọ̀ kan irin ọkọ̀: ẹsẹ̀ méjèèjì ni rédíò fi ń lu sípíkà, bí ọ̀kan bá kan irin, ẹ̀rọ inú rẹ̀ lè jóná. Kí ẹ tó kó o lọ sínú ọkọ̀, orí nẹ́gétíìfù bátìrì ni ẹ kọ́kọ́ máa tú, torí bí sípánà bá tilẹ̀ yọ̀ kan irin níbẹ̀, kò ní tan iná. Bí ẹ bá sì rí wáyà tí wọ́n fi rọ́bà yẹ́lò wọ̀ láṣọ nínú dáṣíbọ́ọ̀dù, kì í ṣe ti rédíò. Ti airbag ni, ẹ fi sílẹ̀ jẹ́jẹ́.

Bó bá wá dọjọ́ tí owó ańpìlífáyà pé, ẹ pe rewáyà, ṣùgbọ́n ẹ dúró tì í. Wáyà tó nípọn tó ń ti bátìrì bọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ẹ mú fọ́nrán kan nínú rẹ̀, kí ẹ fi abẹ fá a. Bó bá pupa dénú, bàbà ni. Bó bá funfun nínú, alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà kùn ni, bẹ́ẹ̀ alumíníọ̀mù kì í gbé ju nǹkan bí ìdá 61 nínú ọgọ́rùn-ún iná tí bàbà ń gbé. Wọ́n lè lò ó bó bá nípọn sí i, àmọ́ ẹ má san owó bàbà lé e. Fíùsì rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nítòsí bátìrì, kó má jìnnà ju sẹ̀ǹtímítà 45 lọ. Èyí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣì ṣe, tí wọ́n ń fi fíùsì sẹ́bàá ańpìlífáyà nínú búùtù, wọ́n rò pé ańpìlífáyà ló ń ṣọ́. Wáyà ló ń ṣọ́. Bí wáyà bá há síbi tó ti gba inú ẹ́ńjìnnì wọ ọkọ̀, tí etí páànù gé rọ́bà rẹ̀, gbogbo iná bátìrì á gba ibẹ̀ ya sí irin, fíùsì inú búùtù ò sì ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Rọ́bà róbótó tí wọ́n ń fi sẹ́nu ihò yẹn kò tó owó ńlá rárá.

Kí ẹ tó dá ike ilẹ̀kùn padà, ó ku ẹyọ kan. Ẹ mú bátìrì tọ́ọ̀ṣì olófóòtì 1.5, kí ẹ fi wáyà sípíkà méjèèjì kan orí àti ìdí rẹ̀, ìṣẹ́jú àáyá kan péré. Bí pọ́sítíìfù bá pàdé pọ́sítíìfù, àárín sípíkà á fò síta. Bó bá wọlé, ẹ ti gbé e sódì. Bí ti òsì bá ń jáde nígbà tí ti ọ̀tún ń wọlé, ohun tí ilẹ̀kùn dènà tẹ́lẹ̀ náà ló tún padà dé: àwọn méjèèjì á máa pa ìlù ara wọn rẹ́ nínú ọkọ̀. Ẹ dá iná padà, ẹ fi ohùn sí àárín gbùngbùn, ẹ gbọ́ orin kan tí ẹ mọ̀ dáadáa, lẹ́yìn náà ẹ pa á, kí ẹ pààrọ̀ wáyà sípíkà kan ṣoṣo, kí ẹ tún gbọ́ ọ. Ọ̀kan nínú méjèèjì ni ìlù rẹ̀ máa nípọn, tí ohùn olórin á sì dúró lókè dáṣíbọ́ọ̀dù níwájú yín dípò kó máa ti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bọ̀. Ibẹ̀ ni kí wáyà náà wà, kí ẹ wá ti kílíìpù ilẹ̀kùn padà.