Ọmọ Wa Fẹ́ Ṣiṣẹ́ Aide-Soignant: Kí Ni Kí Òbí Ṣe?

Ọdọọdún, bí èsì ìdánwò BEPC bá ti jáde, ìbéèrè kan náà ni ó máa ń dé ọ̀dọ̀ wa lẹ́yìn Mísà ọjọ́ Ìsinmi. Bàbá tàbí ìyá yóò mú ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ wá, yóò ní: "Ọmọ yìí ní iṣẹ́ ilé ìwòsàn ni òun fẹ́ ṣe. Owó tí yóò gbé e dé BAC kò sí lọ́wọ́ wa. Wọ́n ní iṣẹ́ aide-soignant kì í pẹ́ kọ́. Ṣé kí a jẹ́ kí ó lọ?" Ọmọ náà á dúró, á máa wo ilẹ̀. Bí ìyá àgbà bá wà nítòsí, á dá sí i: "Iṣẹ́ kíkó ìgbẹ́ aláìsàn mà nìyẹn. Ṣé torí èyí ni a ṣe rán an lọ sí ilé-ìwé?"

A fẹ́ fi ojú-ìwé ìdílé yìí dáhùn, nítorí ọ̀rọ̀ náà kan owó, ó kan ọjọ́ iwájú ọmọ, ó sì kan ẹ̀mí àwọn tí ọmọ náà yóò máa tọ́jú.

Ta ni aide-soignant? Kì í ṣe nọ́ọ̀sì, kì í sì í ṣe ẹni tí ń gbálẹ̀. Olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì ni, ẹ̀gbẹ́ ibùsùn aláìsàn sì ni iṣẹ́ rẹ̀ wà. Òun ni ó ń wẹ ẹni tí kò lè dá wẹ̀, tí ó ń pààrọ̀ aṣọ ibùsùn, tí ó ń fi ṣíbí bọ́ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò lè gbé oúnjẹ dé ẹnu. Òun ni ó ń wo bí ara ti gbóná tó, tí ó ń ka bí iṣan ọwọ́ ti ń lù, tí ó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Àgbàlagbà tí ara rẹ̀ dá, tí ó jókòó jẹ́ẹ́, iṣan rẹ̀ máa ń lù tó ìgbà 60 sí 100 ní ìṣẹ́jú kan. Bí aide-soignant bá ka 130 lára ẹni tí ó ka 80 fún ní àárọ̀, kì í ṣe òun ni yóò sọ àrùn tí ó ń ṣe é. Ṣùgbọ́n bí kò bá sáré sọ fún nọ́ọ̀sì, ilẹ̀ lè ṣú kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Òun náà ni ó ń yí ẹni tí kò lè dá yíra padà, ní wákàtí méjì-méjì tàbí mẹ́ta-mẹ́ta, kí ìdùbúlẹ̀ má baà dá egbò sí i ní ìdí àti ní gìgísẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Dókítà kò ní àyè láti jókòó ti aláìsàn kan ṣoṣo fún wákàtí mẹ́ta.

Ní ti ọ̀rọ̀ ìyá àgbà, a kò ní purọ́ fún yín: ìgbẹ́ wà níbẹ̀, ìtọ̀ wà níbẹ̀, èébì àti ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀. Ọmọ tí kò bá lè fara dà á, kí ó tètè wá iṣẹ́ mìíràn, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń da ìtọ̀ aláìsàn nù ni ó kọ́kọ́ ń rí i pé ìtọ̀ náà ti dín kù, tàbí pé ó ti pọ́n bí omi koko. Ohun tí dókítà yóò béèrè nìyẹn bí ó bá dé.

Ẹni tí ó bá sì ń pe iṣẹ́ yìí ní iṣẹ́ ẹrú, kí ó rántí Camillus Mímọ́ ti Lellis. Ní ilẹ̀ Ítálì ni a ti bí i ní ọdún 1550. Jagunjagun ni, ó sì ń ta tẹ́tẹ́ débi pé kò ní ohun tí ó kù lọ́wọ́. Egbò kan wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀ tí kò jinná títí ó fi kú. Egbò yìí ni ó gbé e dé ilé ìwòsàn San Giacomo ní Róòmù, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀, tí òun náà sì ń ṣe ìránṣẹ́ fún àwọn aláìsàn. Wọ́n lé e kúrò níbẹ̀ nítorí tẹ́tẹ́ àti ìjà. Ọdún 1575 ni ó yí padà sí Ọlọ́run, ó padà sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn àwọn aláìsàn, ó sì dá ẹgbẹ́ àwọn onísìn tí ń wọ àgbélébùú pupa láyà sílẹ̀. Ó kú ní ọjọ́ 14 oṣù Keje ọdún 1614, ọjọ́ yẹn náà ni a sì ń ṣe àjọ̀dún rẹ̀. Ní 1886, Póòpù Leo XIII fi òun àti Jòhánù Mímọ́ ti Ọlọ́run ṣe alágbàwí àwọn aláìsàn; ní 1930, Póòpù Pius XI fi wọ́n ṣe alágbàwí àwọn nọ́ọ̀sì. Ìránṣẹ́ tí ń wẹ aláìsàn ni alágbàwí wọn.

Ẹ jẹ́ kí a fi Róòmù sílẹ̀, kí a padà sí Pobè wa níhìn-ín. Púpọ̀ nínú yín mọ ilé ìtọ́jú àrùn Buruli tí Fondation Raoul Follereau gbé dìde. (Raoul Follereau fúnra rẹ̀, ọmọ Faransé àti ọmọ Ìjọ Kátólíìkì tí ó kú ní 1977, òun ni ó dá Ọjọ́ Àwọn Adẹ́tẹ̀ ní Àgbáyé sílẹ̀ ní 1954.) Agbègbè kan ní Ùgáńdà ni a ti mú orúkọ Buruli. Kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí ni ó ń fà á, ìbátan kòkòrò ẹ̀tẹ̀ àti ti ikọ́ fée ni. Ibi tí omi kò ti ṣàn geere ni ó wọ́pọ̀ sí, bí àfonífojì odò Ouémé. Kókó kékeré tí kò dunni ni ó fi ń bẹ̀rẹ̀. Nítorí pé kò dunni, a kì í kà á sí. Nígbà tí awọ bá ya tán, tí egbò gba gbogbo ojúgun, ni a ó máa wá ẹni tí ó fi ránṣẹ́ sí ọmọ wa. Kò sí ẹni tí ó fi ránṣẹ́.

Láàárín 2005 sí 2011, ènìyàn 1,227 tí àyẹ̀wò fi hàn gbangba pé àrùn yìí ni ó ń ṣe wọ́n ni wọ́n tọ́jú ní Pobè. Bí a bá tò wọ́n láti orí ẹni tí ó kéré jù dé orí ẹni tí ó dàgbà jù, ẹni tí ó wà ní àárín jẹ́ ọmọ ọdún 12. Ẹsẹ̀ sì ni egbò wà jù. Ṣáájú ìgbà yẹn, abẹ nìkan ni a gbọ́kàn lé, wọn a gé ẹran tí ó ti kú kúrò, wọn a sì fi awọ ibòmíràn lára bò ó. Ní 2007, àwọn dókítà Pobè tẹ ìròyìn kan jáde: nínú aláìsàn 224 tí wọ́n fún ní oògùn rifampicin àti abẹ́rẹ́ streptomycin lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 8, àwọn 215 ni ó rí ìwòsàn, 102 nínú wọn kò sì fi ojú kan abẹ rárá. Lẹ́yìn náà ni oògùn oníhóró, clarithromycin, wá gba ipò abẹ́rẹ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni oògùn, ṣùgbọ́n egbò kì í jinná lọ́jọ́ tí oògùn tán. Ẹnìkan ní láti tú báńdéèjì, kí ó fọ egbò, kí ó tún un dì, lẹ́ẹ̀kan sí i, lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹnìkan ní láti bá ọmọ náà na orúnkún tí ó ń dùn ún, kí ẹsẹ̀ náà má baà ká gbọnrangandan títí ayé. Ẹnìkan ní láti mọ bí a ti ń pa á lẹ́rìn-ín kí omi tó kan egbò. Nọ́ọ̀sì nìkan kò lè dá a ṣe.

Ohun mìíràn wà tí a kì í sábà rò. Ọ̀pọ̀ dókítà àti nọ́ọ̀sì tí ìjọba ń rán wá sí Pobè àti Sakété kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ yìí, wọn kò gbọ́ èdè wa. Ìyá arúgbó láti ilẹ̀ Ọ̀họ̀rí wọlé, ó ní "àyà mi ń já". Bí ẹni tí ń túmọ̀ bá sọ ọ́ sí Faransé bí ó ti rí, wọn yóò rò pé nǹkan já nínú àyà rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rù ni ó ń bà á. "Inú ń bí mi" kì í ṣe ọ̀rọ̀ ikùn, "inú ń run mí" ni ọ̀rọ̀ ikùn. Ọmọ wa tí ó gbọ́ èdè méjèèjì, tí ó sì mọ iṣẹ́, iyebíye ni ní ilé ìwòsàn. A ò mọ ìdí tí a kì í fi yìn wọ́n fún èyí.

Ó wá kù sí ọ̀rọ̀ owó, ibi tí a ti ń fi ojú àwọn òbí gbolẹ̀.

A mọ ìdílé kan tí ó ta ilẹ̀ kí ọmọbìnrin wọn lè kọ́ṣẹ́ ní ilé ìwòsàn aládàáni kan. A kò ní dárúkọ ibẹ̀. Wọ́n gba owó ìwọlé, wọ́n gba owó aṣọ funfun, wọ́n gba owó ìdánwò. Fún ọdún méjì, ọmọ náà gbálẹ̀, ó pọn omi, ó sì gún ènìyàn lábẹ́rẹ́. Kò sí ọjọ́ kan tí ẹnikẹ́ni jókòó kọ́ ọ bí ara ènìyàn ti rí. Nígbà tí ó parí, wọ́n fún un ní ìwé tí a fi kọ̀ǹpútà tẹ̀, tí wọ́n lu òǹtẹ̀ ilé ìwòsàn náà sí. Ó gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń gba òṣìṣẹ́, wọ́n dá a padà fún un.

Owó tí ó sọnù nìyẹn o. Ti abẹ́rẹ́ burú jù ú lọ. Iṣan ńlá kan gba ìdí kọjá lọ sí ẹsẹ̀. Ẹni tí a kò kọ́ lè gún abẹ́rẹ́ kíníìnì bọ́ sí i, ọmọ tí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé nítorí ibà yóò sì máa tiro lọ títí ayé. Ẹ wo àyíká yín, ẹ ó rí irú wọn. Iṣẹ́ aide-soignant kì í ṣe iṣẹ́ kíkọ oògùn, kì í sì í ṣe iṣẹ́ dídá gún abẹ́rẹ́. Ibi tí wọ́n bá ti sọ fún ọmọ yín ní oṣù àkọ́kọ́ pé yóò máa gún abẹ́rẹ́, ẹ sá.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ béèrè ìwé àṣẹ tí ìjọba fún ilé-ìwé náà. Ẹ má fi ẹnu gbà á, ẹ ní kí wọ́n mú un jáde, kí ẹ sì mú nọ́ńbà rẹ̀ lọ béèrè ní ọ́fíìsì àwọn aláṣẹ ìlera. Ẹ béèrè ilé ìwòsàn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń kọ́ṣẹ́ àti ẹni tí ń dúró tì wọ́n níbẹ̀. Ẹ wá ẹnìkan tí ó ti jáde níbẹ̀, kí ẹ bi í léèrè ibi tí ó ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. Ẹ gba ìwé ẹ̀rí owó, gbogbo rẹ̀, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ pọ̀ mọ́ ìwé ìbí ọmọ. Olùkọ́ tí ó ń bínú nítorí ìbéèrè yìí ti dá yín lóhùn.

Bí ọ̀nà bá wà láti dé BAC, àwa ní kí ẹ jẹ́ kí ọmọ dé ibẹ̀. INMeS ní Kútọnu àti IFSIO ní Parakou ń kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí, BAC ni a fi ń wọ ibẹ̀, ọdún mẹ́ta ni. Ẹni tí ó bá bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ pẹ̀lú BEPC náà lè máa kàwé lálẹ́, kí ó ṣe BAC lẹ́yìn náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó nira fún ẹni tí ń ṣiṣẹ́ òru. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ti ń tọ́jú arúgbó àti aláìsàn, wọ́n dá irú òṣìṣẹ́ yìí sílẹ̀ láàárín olùtọ́jú lásán àti nọ́ọ̀sì. Ọdún méjì ni ẹ̀kọ́ náà, láti oṣù Kìíní ọdún 2019 ni ìgbìmọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì ti ń kọ orúkọ wọn sínú ìwé, ẹni tí ó bá sì fẹ́ lè tẹ̀ síwájú kí ó di nọ́ọ̀sì. Ìwé orúkọ yẹn ni ó wù wá jù níbẹ̀. Aláìsàn lè mọ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ wà lára òun.

Kò yẹ kí a gbàgbé Grégoire Ahongbonon, ọmọ ilẹ̀ Benin tí ó ń lẹ táyà ní Bouaké, ní Côte d'Ivoire, tí ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í tú àwọn alárùn ọpọlọ sílẹ̀ nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Orúkọ Camillus Mímọ́ ni ó fi pe ẹgbẹ́ rẹ̀. Ilé wọn kan wà ní Avrankou, kò jìnnà sí wa. Púpọ̀ nínú àwọn tí ń wẹ aláìsàn tí wọ́n sì ń pín oògùn níbẹ̀, àwọn náà ti jẹ́ aláìsàn rí. Wọ́n mọ ohun tí ó ń ṣe ẹni tí ó wà níwájú wọn.

Fún ọmọ tí ó bá ti wọlé, àwọn nǹkan díẹ̀ wà tí ilé lè ṣe. Owó oṣù kò pọ̀, nítorí náà kí ẹ má ṣe kó àbúrò mẹ́rin lé e lórí ní oṣù àkọ́kọ́. Bí ó bá ti iṣẹ́ òru dé, ẹ jẹ́ kí ó sùn, ẹ má rán an lọ sí ọjà. Bàtà tí ó bo ọmọ ìka ẹsẹ̀ ni kí ẹ rà fún un, kì í ṣe sálúbàtà. Kí aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ ní agbada ìfọṣọ tirẹ̀, kí a má fọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ aṣọ ọmọ ọwọ́. Kí ó sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ dáadáa kí ó tó gbé ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, títí dé àárín ìka àti abẹ́ èékánná, fún bí ìṣẹ́jú kan gbáko. Ó ti kọ́ ọ ní ilé-ìwé. Kí ó kọ́ ẹ̀yin náà.