Nígbà Tí Òyìnbó Ń Bá Wa Tọ́mọ

Agbo ilé wo nílẹ̀ Yorùbá la ò ti ní rí ọmọ tí ẹlòmíì ń bá bàbá àti ìyá rẹ̀ tọ́? Ó lè wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà n'Íjẹ̀bú, ó lè wà lọ́dọ̀ tíṣà, tàbí lọ́dọ̀ àǹtí tó ń tajà l'Ékòó. Bó bá kúnlẹ̀ kí wọn láàárọ̀, wọ́n á kì í. Bí ọdún bá dé, á wálé. Bí ìyà bá sì pọ̀ jù, aládùúgbò á ránṣẹ́ sílé.

Èrò yìí ni ọ̀pọ̀ òbí bá dé ìlú ọba láti nǹkan bí ọdún 1955 wá. Wọ́n ń kàwé, wọ́n tún ń ṣiṣẹ́. Yàrá kan ni wọ́n rí háyà, onílé ò sì fẹ́ gbọ́ ẹkún ọmọ. Wọ́n á polówó nínú ìwé ìròyìn Nursery World pé àwọn ń wá alágbàtọ́. Obìnrin òyìnbó kan ní Kent tàbí Essex á dáhùn, wọ́n á gbé ọmọ lọ fún un, wọ́n á sì máa fowó ránṣẹ́. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ló bá ọ̀nà yìí lọ.

Ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni Adewale Akinnuoye-Agbaje, òṣèré tí wọ́n bí ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1967, nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ gbé e fún tọkọtaya òyìnbó ní Tilbury. Wọ́n mú un wá sílé rí, ṣùgbọ́n ilé ti ṣàjèjì sí i, ló bá tún padà. Kó tó pé ogún ọdún, ó ti ń bá àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó tí wọ́n ń pè ní skinhead rìn, àwọn gan-an tó ń lu aláwọ̀ dúdú. Ó fi ìtàn náà ṣe fíìmù Farming, 2018. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣe bàbá rẹ̀ níbẹ̀.

Mi ò dá àwọn òbí náà lẹ́bi. Ìwé tí wọ́n lọ kà, nítorí ọmọ ni. Ṣùgbọ́n ohun tó ń ṣọ́ ọmọ nílé kò bá a dé Tilbury. Ìyá òyìnbó lè fẹ́ràn rẹ̀ dénú, síbẹ̀ ta ni á di irun rẹ̀, ta ni á fi òrí pa á lára nígbà òtútù, ta ni á pè é ní orúkọ tí wọ́n sọ ọ́?

Àṣà yìí kò tíì parí. Nílẹ̀ England, bí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 bá máa lo ọjọ́ 28 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́dọ̀ ẹni tí kì í ṣe ìbátan tímọ́tímọ́, dandan ni kí a fi tó ìjọba ìbílẹ̀ létí. Òfin ka ìyá àgbà, ẹ̀gbọ́n àti ọmọ ìyá òbí sí ìbátan. Kò ka ará ṣọ́ọ̀ṣì tí à ń pè ní àǹtí mọ́ wọn. Ẹ̀yin tí ọmọ yín wà lọ́dọ̀ irú àǹtí bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ lọ sọ fún ìjọba ìbílẹ̀, kí ẹ sì máa lọ wo ọmọ náà fúnra yín.